Ẹnjiníà Tó Ń Ṣọ́ Ojúlówó Ohun Tí A Fi Ń Di Ọjà

Kíláàsì: SS 2

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́: Ìmọ̀ ẹ̀rọ àti yíyan iṣẹ́ ọjọ́ iwájú

Àkókò: Ìṣẹ́jú 80

Ohun èlò ìkọ́ni: Ọ̀rá omi tí a ti mu tán, páálí indómí, ike omi pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, agolo tòmátò, rúlà, sẹ́lótéèpù, àbẹ́là, àlùmọ́gàjí, òṣùwọ̀n kékeré tó lè wọn ìdá gíráàmù, kàkùlétọ̀, bébà onígíráàfù fún yíya àtẹ.

## Èròǹgbà

Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

1. sọ iṣẹ́ tí ẹnjiníà tó ń ṣọ́ ojúlówó ń ṣe nílé iṣẹ́ ọ̀rá, ike, agolo àti páálí;
2. fi òṣùwọ̀n àti rúlà mọ bí ọ̀rá ṣe nípọn tó;
3. ṣe ìṣirò iye ẹrù tí páálí lè rù;
4. ka àtẹ tó ń fi hàn bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ déédéé;
5. tọpa àléébù dé orísun rẹ̀.

## Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ra omi inú ọ̀rá rí. Wọ́n mọ ọ̀rá tó ń jò, wọ́n mọ ìdérí tó ṣòro ṣí, wọ́n sì ti rí páálí tó wó nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti kọ́ nípa ìwọ̀n, ìwúwo àti ìpín-sí-déédéé nínú ìṣirò àti físíìsì.

## Ìfáàrà

Kí olùkọ́ to gbogbo ohun èlò sórí tábìlì, kí ó bèèrè pé: "Lẹ́yìn tí ẹ bá mu omi, tí ẹ jẹ oúnjẹ tán, kí lẹ máa ń fi nǹkan wọ̀nyí ṣe?" Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé àwọn ń dà á nù ni. Kí olùkọ́ wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kí ọ̀rá yẹn tó dé ọwọ́ wọn, ẹnìkan ti mú irú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó wọ̀n ọ́n, ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ìwé pé ó dára fún omi tí ọmọ ọlọ́mọ máa mu. Iṣẹ́ ẹni náà la fẹ́ kọ́.

Kókó ẹ̀kọ́ (kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìwé): Àyẹ̀wò kì í sọ ọjà tó ti bàjẹ́ di rere. Ẹnjiníà gidi máa ń wá ibi tí àléébù ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó lè dí i níbẹ̀. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun.

## 1. Ìdì ọjà kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Ohun tí a fi di ọjà ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Ó ń gba ọjà mọ́ra, ó ń dáàbò bò ó, ó ń jẹ́ kó ṣeé gbé láti ìlú dé ìlú, ó sì ń sọ fún ẹni tó rà á ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kùnà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó lè ṣòfò, ẹ̀mí sì lè bá a lọ.

Ní 1810, ìjọba ilẹ̀ Faransé fún Nicolas Appert ní 12,000 franc nítorí ọgbọ́n tó dá: ó ń kó oúnjẹ sínú ìgò, ó ń dé e pa, ó sì ń sè é kí ó lè pẹ́ láìbàjẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, Peter Durand gba ìwé àṣẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lo agolo fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, ibi tí ìdérí ti pàdé ara agolo ló gba ìṣọ́ jù lọ. Etí ìdérí àti etí agolo máa ń kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ wọ́n pa, títí irin yóò fi di ìpele márùn-ún lórí ara wọn: mẹ́ta láti ara ìdérí, méjì láti ara agolo. Ẹnjiníà máa ń gé ibẹ̀ wò, á wọn bí èkíní ṣe wọnú èkejì tó. Bí wọn ò bá kọ́ra dáadáa, kòkòrò àìrí á wọlé, oúnjẹ tí ojú rí pé ó dára á sì di májèlé.

Ní 1982, ní àgbègbè Chicago lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹnìkan fi cyanide sínú oògùn ẹ̀fọ́rí Tylenol lórí àtẹ ìtajà. Ènìyàn 7 ló kú. Ìgò oògùn náà ṣeé ṣí, ó sì ṣeé dé padà láìsí àmì kankan. Johnson & Johnson tó ni oògùn náà kó nǹkan bí ìgò mílíọ̀nù 31 padà, ìjọba ibẹ̀ sì pàṣẹ kí ìdì irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa fi àmì hàn bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i.

Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ wo òrùka kékeré tó wà lábẹ́ ìdérí ike omi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí ike náà ni òrùka yẹn máa ń já. Ẹnjiníà ní ẹ̀rọ tó fi ń wọn agbára ọwọ́ tí ìdérí gbà. Bó bá rọrùn jù, omi á jò. Bó bá le jù, ìyá àgbà ò ní lè ṣí i. Bí òrùka ò bá sì já, ẹni tó ra omi ò ní mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti ṣí i ṣáájú òun.

## 2. Ibi tí ẹnjiníà náà ń dúró sí

Ní Ìkẹjà, Ìsọlọ̀, Ọ̀tà àti Agbára, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò, ike, páálí àti ọ̀rá pọ̀. Agbára ni ilé iṣẹ́ Beta Glass ti ń yọ ìgò. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́, "QC" ni wọ́n máa ń pe ẹnjiníà yìí. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló ń ṣọ́:

- Ohun èlò tó ń wọlé. Ṣé hóró ike tí wọ́n gbé wá gbẹ? Bí hóró PET tí wọ́n fi ń ṣe ike omi bá tutù kí ó tó wọ ẹ̀rọ tó máa yọ́ ọ, omi inú rẹ̀ á já okùn ara ike náà, ike á sì di ẹlẹgẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan án gbẹ fún wákàtí mélòó kan.
- Orí ẹ̀rọ. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni QC ń mú díẹ̀ wọ̀n nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, kí ó lè tún àléébù ṣe kí ó tó pọ̀.
- Ẹrù tó fẹ́ jáde. Ohun tí QC ò bá fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ gun mọ́tò.

Ìlànà ìjọba náà ń dúró tì í. Àjọ SON, tí òfin 1971 dá sílẹ̀, ló ń gbé ìwọ̀n ojúlówó ọjà kalẹ̀. Àmì MANCAP ló sì ń fi hàn pé ọjà tí a ṣe ní Nàìjíríà bá ìwọ̀n náà mu. Àjọ NAFDAC, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ń ṣàkóso oúnjẹ, oògùn àti omi tí a ń tà. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá omi: orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìdìpọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí ẹnìkan bá mu omi kan tí inú sì run ún, nọ́ńbà wọ̀nyí ni wọ́n máa tẹ̀ lé débi tí omi náà ti wá.

Ìdánwò kékeré: Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú lẹ́tà lára ọ̀rá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ já a kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ọ̀dà bá a lọ? Bó bá bá a lọ, nọ́ńbà tó yẹ kó dáàbò bo oníbàárà lè pa rẹ́ nínú ọjà. Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń dán ọ̀dà wò nílé iṣẹ́.

## 3. Ọ̀rá omi: ohun tí ojú ò rí, òṣùwọ̀n rí i

Hóró ike polyethylene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá omi. Ẹ̀rọ á yọ́ ọ, á fẹ́ atẹ́gùn sí i títí yóò fi wú sókè, á wá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á sì ká a jọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ sí i lára, kí wọ́n tó gbé e lọ fún ilé iṣẹ́ omi, níbi tí ẹ̀rọ mìíràn á ti rọ omi sí i tí á sì fi ooru lẹ̀ ẹ́ pa.

Máíkírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn bí ọ̀rá ṣe nípọn tó. 1,000 rẹ̀ ló jẹ́ mìlímítà 1. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ máíkírọ́ọ̀nù 50 àti 40, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò: Sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan irú ike yìí wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 0.92. Ẹ gé ọ̀rá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí ìbú rẹ̀ náà jẹ́ 10. Bó bá nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 50, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 0.005:

10 × 10 × 0.005 × 0.92 = gíráàmù 0.46

Bó bá jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 40, gíráàmù 0.37 ni. Nítorí náà, ẹni tó ní òṣùwọ̀n, rúlà àti àlùmọ́gàjí lè mọ ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ tinrin.

Kí olùkọ́ dúró níbí, nítorí ibí ni ìdánwò ọkàn wà. Kílò kan hóró ike tí wọ́n fẹ́ sí máíkírọ́ọ̀nù 50 máa ń fún ni ní ọ̀rá tó tẹ́ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 21.7. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ sí 40, ó di 27.2. Ilé iṣẹ́ omi tó ń ra ọ̀rá ní kílò-kílò rí i pé àpò omi tí òun máa rí nínú kílò kan ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ sí i. Èrè dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn ni ọmọ tó ń kiri omi láàárín sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ máa gbé sórí, òun ló máa bẹ́ sí i lára. Ọmọ náà sì ni owó omi tó dà sílẹ̀ máa já lé lórí lálẹ́. Ẹnjiníà tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ọ̀rá tinrin tí kò bá àdéhùn mu ń gbèjà ọmọ tí kò ní fojú rí láéláé.

Ibi ìlẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ kí ọ̀rá lẹ̀ dáadáa: ooru, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti àkókò. Irú ike yìí máa ń yọ́ ní nǹkan bí 105 sí 115°C. Bí ooru ò bá tó, ibi ìlẹ̀ á ṣí bí a bá fà á. Bó bá pọ̀ jù, ike á jóná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tinrin, ibẹ̀ ni á sì ti jò. Bí omi bá kán sí ibẹ̀ kí ó tó lẹ̀, kò ní mú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi àbẹ́là tó ń jó hàn lókèèrè bí ike ṣe ń ká kò, lábẹ́ ojú olùkọ́ nìkan.

## 4. Páálí: ó di dandan kí ìsàlẹ̀ lè ru òkè

Ẹ gé etí páálí indómí kan, kí ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bébà pẹlẹbẹ méjì ló wà níta. Èyí tó wà láàárín ká kọ́rọkọ̀rọ bíi páànù orí ilé. Bébà àárín yẹn ló ń fún páálí lágbára. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ lórí ẹ̀rọ, tàbí tí gọ́ọ̀mù ò dé ibì kan, páálí náà á máa dán lójú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti lọ.

Ní 1963, McKee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí àwọn ẹnjiníà páálí ń lò dòní:

Agbára páálí = 5.87 × agbára etí bébà × √(àyíká páálí × nínípọn bébà)

Ìṣirò lójú pátákó: Páálí kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, ó fẹ̀ ní 30. Àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 1.4. Bébà rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 4, ìyẹn mítà 0.004. Agbára etí rẹ̀ jẹ́ 6,000 Newton lórí mítà kan.

√(1.4 × 0.004) = 0.0748

5.87 × 6,000 × 0.0748 = nǹkan bí 2,635 Newton, tó dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 269.

Ṣé a lè wá to kílò 269 lé e? Rárá o. Inú yàrá ìdánwò tó wà ní 23°C, tí ọ̀rinrin atẹ́gùn rẹ̀ jẹ́ ìdá 50 nínú 100, ni wọ́n ti wọn agbára bébà. Ìkẹ́rùsí Èkó nínú oṣù Òkudù kì í ṣe yàrá ìdánwò. Bébà ń mu ọ̀rinrin, ó ń rọ̀. Ẹrù tó sì wà lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ká fi 4 pín agbára náà: ó ku nǹkan bíi kílò 67. Bí páálí kọ̀ọ̀kan bá wúwo tó kílò 12, márùn-ún péré ló lè wà lórí ti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí pẹ̀lú pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ru ẹrù jù. Bí wọ́n bá to páálí tí igun ò bá igun mu, agbára tí a ṣírò ti dín kù.

## 5. Mélòó la máa yẹ̀ wò?

A ò lè fa gbogbo ọ̀rá ya tán ká tó tà á. Harold Dodge àti Harry Romig ní Bell Telephone Laboratories fi ìmọ̀ ìṣirò wá ọ̀nà àbáyọ: mú ìba díẹ̀, kí o fi í mọ ìyókù. Nínú ìlànà ISO 2859-1 tí ilé iṣẹ́ ń lò, bí páálí bá jẹ́ 5,000, 200 ni a máa yẹ̀ wò ní ìpele tó wọ́pọ̀. Bí ìwọ̀n àléébù tí oníbàárà gbà bá jẹ́ 1 nínú 100, tí a rí 5 tàbí kó dín, a gbà á wọlé. Bó bá di 6, a dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Àléébù pín sí oríṣi mẹ́ta. Èyí tó lè pani lára, bí àfọ́kù ìgò nínú ìgò, kò ní ìdáríjì. Ẹyọ kan ti tó láti dá gbogbo ẹrù dúró. Èyí tí kò ní jẹ́ kí ọjà ṣiṣẹ́, bí ibi ìlẹ̀ tó ń jò, ní ìwọ̀n kékeré. Èyí tó kan ojú nìkan, bí àwọ̀ tó ṣá díẹ̀, ní ìwọ̀n tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má mú láti òkè nìkan. Ẹ mú láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin iṣẹ́. Ẹni tó bá ń yan èyí tó wu ojú ń tan ara rẹ̀ jẹ.

## 6. Àtẹ tó ń sọ̀rọ̀ kí ọjà tó bàjẹ́

Nínú oṣù karùn-ún 1924, Walter Shewhart ya àtẹ kan fún ọ̀gá rẹ̀ ní Western Electric. Ìlà kan wà láàárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ohun tí a wọ̀n bá wà láàárín ìlà òkè àti tìsàlẹ̀, tó sì ń lọ sókè-sódò láìní ìlànà, ẹ̀rọ ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bó bá kọjá ìlà, tàbí tó ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ kíláàsì: Ẹ ya àtẹ tí àárín rẹ̀ jẹ́ 50, tí òkè jẹ́ 53, tí ìsàlẹ̀ jẹ́ 47. Ẹ fi nínípọn ọ̀rá láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé aago méjì ọ̀sán sí i: 50.2, 49.8, 49.5, 49.1, 48.7, 48.2, 47.8.

Kò sí ọ̀kan tó kọjá ìlà. Síbẹ̀ méjèèje ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó ń dúró de ìgbà tí yóò kọjá 47 ń dúró de ọjà tó bàjẹ́. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ á ti dìde.

## 7. Títọpa àléébù dé orísun

Ní Japan, Kaoru Ishikawa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti máa to ohun tó lè fa àléébù sórí àwòrán kan: ènìyàn, ẹ̀rọ, ohun èlò, ọ̀nà ìṣiṣẹ́, ìwọ̀n, àti àyíká. Ọ̀nà mìíràn ni kí a máa bèèrè "kí ló dé?" láìsinmi:

- Omi ń jò. Kí ló dé? Ẹ̀gbẹ́ ibi ìlẹ̀ ti jóná.
- Kí ló dé? Ooru pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ tọ́.
- Kí ló dé? Ohun tó ń wọn ooru ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ó ń rò pé ibẹ̀ ò gbóná tó.
- Kí ló dé? Ìdè rẹ̀ tú, kò sẹ́ni tó fún un.
- Kí ló dé? Kò sí nínú ìwé àyẹ̀wò àràárọ̀.

Bí a bá dúró sí ìdáhùn kìn-ín-ní, a óò bú òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ lásán. Nígbà tí a dé ìkarùn-ún, ìlà kan ṣoṣo tí a fi kún ìwé àyẹ̀wò ló máa gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rá là.

## 8. Eré: QC àti bàbá tó wà lórí ẹ̀rọ

Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ṣe é. Ọmọbìnrin ni ẹnjiníà. Bàbá náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Aago méjì ọ̀sán ni, àtẹ orí 6 sì wà lọ́wọ́ ẹnjiníà.

Ẹnjiníà: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ká dá ẹ̀rọ yìí dúró díẹ̀.

Bàbá: Ọmọ mi, mọ́tò ti ń dúró níta o. Ṣé ọ̀rá ti ń já ni?

Ẹnjiníà: Kò tíì já, sà. Ẹ wo ìwé yìí: láti àárọ̀ ló ti ń tinrin bọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rọ yìí jù mí lọ. Kí lẹ rò pé ó fà á?

Bàbá: Hùn-ún. Asẹ́ iwájú ẹ̀ ni. Èérí pọ̀ nínú àpò tí wọ́n tú sí i láàárọ̀. Asẹ́ ti ń dí, ike ò jáde tó mọ́. Jẹ́ kí n pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹnjiníà: Ẹ ṣeun, sà. Màá kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ rí i. Àwọn tó jáde láti aago kan, màá yà wọ́n sọ́tọ̀ ká tún wọn wọ́n kó tó di pé mọ́tò gbé wọn.

Ìjíròrò: Kí ni ẹnjiníà ṣe tó jẹ́ kí bàbá gbà? Ó kí i, ó fi àtẹ hàn án, ó bèèrè ohun tí bàbá mọ̀, ó sì fún un ní iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yí ìpinnu rẹ̀ padà nítorí mọ́tò. Ọ̀wọ̀ àti ìdúróṣinṣin kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

## 9. Ọ̀nà tí a ń gbà dé ibẹ̀

Ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì ni ìpìlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe é lè kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Yunifásítì Èkó tàbí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí ìmọ̀ nípa ike ní Yaba College of Technology. Kí ó lo àkókò SIWES rẹ̀ (ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níta) nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ìdì ọjà, kí etí rẹ̀ mọ ariwo ẹ̀rọ, kí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ òṣùwọ̀n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó kọ́ láti máa kọ ohun tó rí gan-an sílẹ̀. Nọ́ńbà tí a fi ẹnu dá kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

## Àkótán

Ẹnjiníà tó ń ṣọ́ ojúlówó ń fi ìwọ̀n ṣiṣẹ́, ó ń mú ìba díẹ̀ fi mọ ìyókù, ó ń ka àtẹ kí àléébù tó dàgbà, ó sì ń tọpa rẹ̀ dé orísun. Ìgboyà láti dá ẹ̀rọ dúró nígbà tó yẹ wà lára ìmọ̀ iṣẹ́ náà.

## Ìgbéléwọ̀n

1. Dárúkọ ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí QC ń ṣọ́.
2. Ọ̀rá kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti gígùn wúwo ní gíráàmù 0.552. Máíkírọ́ọ̀nù mélòó ni nínípọn rẹ̀? (Ìdáhùn: 60)
3. Kí ló dé tí páálí tó yege nínú yàrá ìdánwò fi lè wó nígbà òjò?
4. Nínú páálí 200 tí a yẹ̀ wò, a rí 6 tó ní àléébù. Kí ni ìpinnu rẹ, kí sì ni ìgbésẹ̀ tó kàn?

## Iṣẹ́ àmúrelé

Mú ọ̀rá omi márùn-ún tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe. Wo ibi ìlẹ̀ wọn, ka nọ́ńbà ara wọn, fi sẹ́lótéèpù dán ọ̀dà wọn wò, kí o sì kọ ohun tí o rí sínú àtẹ. Bí o bá rí àléébù kan, bèèrè "kí ló dé?" lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí o kọ ìdáhùn tí o rò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kọ ìpínrọ̀ kan lórí ìbéèrè yìí: bí ìwọ bá ni ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà, ṣé wàá fọwọ́ sí i kí àbúrò rẹ mu ún?